Ìgbòkun Wo Ni Ká Rà Kí Ìjì Tó Dé? Ìdáhùn fún Olùkọ́ Kan ní Ìkéré-Èkìtì

Olùkọ́ kan ní Ìkéré-Èkìtì ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó pawọ́ pọ̀ ra ọkọ̀ ìgbòkun àlòkù kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ọkọ̀ náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 27, orí ọ̀sà Èkó ló wà báyìí, àwọn ìgbòkun tó bá a wá sì ti gbó. Ẹni tó ń rán ìgbòkun sọ fún wọn pé mẹ́rin tuntun ni kí wọ́n rà, títí kan èyí tí wọ́n ń pè ní trysail, ìgbòkun kékeré tí wọ́n ń ta dípò ìgbòkun ńlá nígbà ìjì, bẹ́ẹ̀ owó ọwọ́ wọn kò ju ti méjì lọ. Kútọnu ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ gba ojú òkun lọ. Ó ní: "Èwo ni ká rà, kí ni ká sì ṣe sí ọkọ̀ náà kí ìjì líle má bàa ká wa mọ́?"

Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Mo ka lẹ́tà yín, mo sì wo àwọn òṣùwọ̀n tí ẹ kọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má ra mẹ́rin. Ẹ ra méjì: ìgbòkun ńlá tuntun kan tó ní reef mẹ́ta (ìyẹn ibi tí a ti lè ká ìgbòkun kúrú bí afẹ́fẹ́ bá le), àti ìgbòkun iwájú kékeré kan tí aṣọ rẹ̀ nípọn, tí yóò ní wáyà tirẹ̀. Ẹ fi trysail sílẹ̀. Ìgbòkun iwájú gbàǹgbà tó ń yí mọ́ wáyà, èyí tó bá ọkọ̀ wá, ẹ tún un rán, kí ẹ máa lò ó nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀. Owó tó bá kù, ibi tí kò hàn nínú àwòrán ni kí ẹ ná an sí: wáyà òpó, pákó ẹnu ọ̀nà, pọ́ǹpù, fílítà epo. Ẹni tó fẹ́ ta mẹ́rin fún yín kò parọ́ o. Trysail wà nínú òfin àwọn tó ń sá eré ọkọ̀ lójú agbami lóòótọ́. Òkun tí wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin yẹn ni kì í ṣe tiwa.

Ìjì tí ẹ máa bá pàdé, ẹ ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò ni, èyí tó ń ṣí páànù ilé ẹ̀kọ́ ní Èkìtì ní oṣù kẹta sí ìkẹrin ọdún. Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí. Ooru á mú títí, ewé kan ò ní mì. Ojú ọ̀run níhà ìlà-oòrùn á ṣú, ìkùukùu dúdú á tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun láti ìkangun kan dé èkejì, abẹ́ rẹ̀ á sì funfun díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn tútù kan á ṣàdédé bọ́, eruku á gbéra, àwọn ìyá á máa pariwo pé kí ẹ kó aṣọ wọlé. Òjò gan-an kò tíì dé nígbà yẹn. Òjò tó ń rọ̀ lókè ló mú kí afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ tutù. Afẹ́fẹ́ tútù sì wúwo ju èyí tó móoru lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń já lulẹ̀, tó sì ń tú jáde síwájú òjò.

Láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ni àwọn ìjì wọ̀nyí ń rìn, nítorí náà òmíràn máa ń fọwọ́ ba Èkìtì kó tó dé etíkun. Bí ó bá ń rìn ní kìlómítà 50 sí 60 láàárín wákàtí kan, tí Adó sì jìn sí Èkó tó kìlómítà 240 bí ẹyẹ ṣe ń fò, wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún ló wà láàárín wọn. Bí ẹ bá ní ẹbí ní Ọ̀mùò tàbí Ìkọ̀lé, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa pè yín bí ojú ọ̀run bá ti ṣú lọ́dọ̀ wọn. Kì í ṣe àwàdà ni mo ń ṣe. Ìpè bẹ́ẹ̀ kò lè rọ́pò ìkìlọ̀ NiMet, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́, nítorí ìjì mìíràn ń kú sójú ọ̀nà, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀bá òkun níbẹ̀ ló ti ń dìde, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti ju kéèyàn máa wo ojú ọ̀run lásán lọ.

Kí ló wá yàtọ̀ láàárín ìjì yìí àti ti òkun àwọn òyìnbó? Tiwọn lè fẹ́ láti àárọ̀ ọjọ́ kan mọ́ ọjọ́ kejì, ìgbì á máa ga sí i ní wákàtí dé wákàtí, ó sì máa ń ṣeé rí ṣáájú lórí àwòrán ojú ọjọ́. Tiwa, apá tó le jù níbẹ̀ sábà máa ń tán láàárín wákàtí kan, á wá ku òjò pẹ̀lú ààrá. Ìgbì kì í ráyè ga tó bẹ́ẹ̀. Òjijì rẹ̀ ni ewu. Afẹ́fẹ́ tó wà ní knot 10 (knot kan ni máìlì òkun kan láàárín wákàtí kan) nígbà tí ẹ ń jẹun lè di 30 kí ẹ tó fọ abọ́ tán, ó sì lè kọjá 40. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó, Tíṣà: agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ìgbòkun kì í pọ̀ sí i bákan náà pẹ̀lú eré rẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára di ìlọ́po mẹ́rin. Láti 10 sí 30, ìlọ́po mẹ́sàn-án ni. Ìgbòkun tó ń fa ọkọ̀ yín jẹ́jẹ́ lọ́sàn-án ni yóò dà á dùbúlẹ̀ sórí omi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà.

Nítorí náà, ohun tí mo fi ń díwọ̀n ìgbòkun fún ọkọ̀ yín ni èyí: ṣé ẹni méjì lè sọ ọ́ di kékeré láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó? Trysail kò yege níbẹ̀. Ẹ ní láti kọ́kọ́ sọ ìgbòkun ńlá kalẹ̀ pátápátá, ẹ dì í mọ́ boom, igi gbọọrọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá fa èkejì jáde nínú àpò, ẹ so ó mọ́ òpó, ẹ so okùn rẹ̀ méjèèjì. Àtukọ̀ tó mọṣẹ́ gan-an máa ń làágùn kó tó ṣe é tán.

Ẹ wá wo òṣùwọ̀n tiyín. Ẹ ní ẹ̀gbẹ́ ìgbòkun tó fara ti òpó jẹ́ mítà 9, etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mítà 3. Òfin eré ojú agbami sọ pé trysail kò gbọdọ̀ ju ìdá 17.5 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ẹ bá rí bí ẹ bá sọ òṣùwọ̀n méjèèjì di púpọ̀. Fún yín, èyí jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 4.7. Ìgbòkun ńlá yín lódindi jẹ́ nǹkan bíi 13.5. Bí ẹ bá ní kí wọ́n fi reef kìíní sí mítà 1.2 láti ìsàlẹ̀, 10 ló máa kù lókè. Reef kejì ní mítà 2.4, ó ku 7.3. Reef kẹta ní mítà 3.6, ó ku 4.9. Ṣé ẹ rí i? Reef kẹta tó jinlẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fún yín ní trysail, láìjẹ́ pé ẹ ra ọ̀kan, orí òpó ló sì wà tẹ́lẹ̀. Òfin kan náà mọ èyí, nítorí ó gba àwọn ọkọ̀ kan láyè láti lo reef tó bá gé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò ní ẹ̀gbẹ́ òpó dípò trysail. Ìdá 40 nínú mítà 9 ni 3.6 tí mo kọ yẹn.

Ẹ tẹnu mọ́ ọn létí ẹni tó ń rán an, nítorí reef méjì ni púpọ̀ nínú wọn máa ń fi sí i bí oníbàárà ò bá sọ̀rọ̀, wọ́n á sì fi wọ́n sísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàtọ̀ rẹ̀ ò ní pọ̀. Dacron, aṣọ polyester tí a hun, ni kí aṣọ náà jẹ́. Àwọn aṣọ olówó gọbọi tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ní ìpele ìpele dára fún eré, ṣùgbọ́n oòrùn àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa máa ń ya wọ́n nípele, ẹ ò sì ní rí ẹni tún un ṣe. Kí ìwọ̀n rẹ̀ tó gíráàmù 300 fún mítà onígun mẹ́rin kan. Kí wọ́n rán ojú ìran kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti igun tí reef kọ̀ọ̀kan ń dá, kí wọ́n fi aṣọ lé aṣọ níbẹ̀ dáadáa, nítorí bí ẹ bá ti ká reef kẹta, igun yẹn ni yóò máa ru ẹrù gbogbo.

Okùn tó ń fa reef sísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà nínú ihò wọn kí ẹ tó kúrò ní èbúté. Mo ti rí ọkọ̀ tó ní reef kẹta tó dára, tí okùn rẹ̀ sì wà nínú dúrọ́ọ̀ nísàlẹ̀. Àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń di aṣọ tó rọ̀ sílẹ̀ láàárín, ẹ má ṣe so wọ́n yí boom. Ẹ so wọ́n yí aṣọ náà nìkan, kí wọ́n má le jù. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ tú reef, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyí ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí ẹ tó tú igun. Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀kan pére tó wá fa ìgbòkun sókè, aṣọ náà á ya láti ihò yẹn lọ.

Ó kan ti iwájú. Ìgbòkun tó ń yí mọ́ wáyà rọrùn lò, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti yí i kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta, ikùn rẹ̀ á yọ bí àpò, kò ní lè fa ọkọ̀ lọ sójú afẹ́fẹ́ mọ́, dídà ni yóò máa dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó tún bani lẹ́rù ni pé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló dì í mú. Bí okùn yẹn bá já nínú ìjì, odidi ìgbòkun gbàǹgbà á ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ọwọ́ ènìyàn tó lè kó o. Ẹ pààrọ̀ okùn náà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ní ti kékeré tí ẹ máa rà, òfin tí mo ń tọ́ka sí ní kí ìgbòkun ìjì má ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún gíga iwájú òpó tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀. Gíga tiyín jẹ́ mítà 10, nítorí náà mítà onígun mẹ́rin 5 ni òpin rẹ̀. Ibí yìí ni èmi àti òfin ti pínyà díẹ̀. Bí ẹ bá ra 5 géérégé, inú àpò rẹ̀ ni yóò gbó sí, nítorí ọjọ́ tí ẹ máa nílò rẹ̀ gan-an kò ní pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rán 7 fún yín, kí aṣọ rẹ̀ nípọn ju ti ìgbòkun ńlá lọ, kí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ọsàn tó pọ́n dẹ̀dẹ̀, kí ẹni tó bá ń wá yín lè rí yín láàárín ìfófòó omi. Pẹ̀lú reef kejì tàbí ìkẹta, 7 yìí á gbé yín kọjá afẹ́fẹ́ knot 30, ẹ ó sì máa lò ó tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n. Bí àwọn ọ̀rẹ́ yín bá ní ètò láti lọ sí erékùṣù São Tomé tàbí kọjá ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ìgbà náà ni kí ẹ wá ra èyí tí òfin sọ.

Wáyà tirẹ̀ ńkọ́? Ẹ ó nílò wáyà kejì lẹ́yìn ti iwájú, èyí tó ṣeé tú kúrò tí ẹ ò bá lò ó. Ibi tó ti kan ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ orí pèpéle ọkọ̀ lásán, nítorí yóò fà á tu bí ẹni fa ewùrà. Kí irin kan gba abẹ́ pèpéle sọ̀ kalẹ̀ lọ mú ògiri inú ọkọ̀ tàbí igi iwájú ọkọ̀ gan-an. Kí ẹ gbé igun ìsàlẹ̀ ìgbòkun náà ga díẹ̀ kúrò lórí pèpéle pẹ̀lú okùn kúkúrú, kí ìgbì lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ gbìyànjú rẹ̀ lórí ọ̀sà lọ́jọ́ tí ara tu gbogbo ayé, kí ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí okùn rẹ̀ ti yẹ kó gbà. Nínú òkùnkùn, pẹ̀lú òjò lójú, kò sẹ́ni tó ń ronú nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ béèrè bóyá ìgbòkun àtijọ́ ṣì wúlò. Ẹ gbé e wá sí Ìkéré nínú bùùtù mọ́tò. Lọ́jọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ wà nísinmi, ẹ tẹ́ tapólì sórí pápá, ẹ tẹ́ ìgbòkun lé e. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí ẹ̀yìn, nítorí ibẹ̀ ló máa ń gbọ̀n jù tí oòrùn sì ń jẹ jù. Ẹ fi èékánná àtàǹpàkò ha òwú ojú ìran, bí ẹni ń ha ìdọ̀tí kúrò lára aṣọ. Òwú tó ṣì lágbára á tako yín. Èyí tí oòrùn ti jẹ á já lábẹ́ èékánná, á sì fi ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ sílẹ̀. Bí òwú bá já ṣùgbọ́n tí aṣọ fúnra rẹ̀ ṣì le, ẹ tún gbogbo ojú ìran rán, ẹ ti jèrè ọdún mélòó kan. Bí ẹ bá fi ọwọ́ méjèèjì fa etí aṣọ tó sì ya bíi bébà, ẹ má na kọ́bọ̀ lé e lórí. Ẹ fi bo igi ìdáná.

Télọ̀ tó ń rán bùbá kò lè rán an, ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní gún un. Ẹni tí mo máa ń darí èèyàn sí ni àwọn tó ń rán kánópì ayẹyẹ ní Adó, ẹ̀rọ wọn nípọn, wọ́n mọ bí a ṣe ń yí aṣọ ńlá kiri. Ẹ ra òwú polyester tó nípọn fúnra yín kí ẹ gbé e fún wọn, ẹ má gba òwú kọ́tìnì. Kí wọ́n rán an ní wọ́gọwọ̀gọ, kì í ṣe ní gbọọrọ, nítorí ìran gbọọrọ máa ń já nígbà tí aṣọ bá nà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì sọ pé òun á kúkú fi aṣọ kánópì rán ìgbòkun tuntun fún yín lówó pọ́ọ́kú, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ máa lọ.

Ìgbòkun tó lágbára lórí òpó tí wáyà rẹ̀ ti jẹrà, òfò ni. Ẹ gun òpó, tàbí kí ẹ rán ẹni tó fúyẹ́ lọ. Ẹ fi òwú ìtọ́jú egbò fa gbogbo wáyà láti òkè dé ilẹ̀. Níbi tí òwú bá ti há, ẹ̀ka wáyà kan ti já níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ẹnu irin tí wáyà wọ̀ ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi. Omi iyọ̀ máa ń dúró síbẹ̀, ó sì ń là wọ́n ní ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Wáyà tó ti lo ọdún 10 sí 15, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó tilẹ̀ ń dán. Ẹni tó tà á fún yín kò fi ìwé kankan sílẹ̀ tó sọ ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí náà ẹ gbà pé ó ti gbó. Píìnì kéékèèké tó ń di irin gbogbo mú, ẹ ka wọn, ẹ ṣí ẹsẹ̀ wọn díẹ̀, ẹ fi téèpù wé wọn kí wọ́n má bàa ya ìgbòkun. Píìnì tí kò ju owó omi inú ọ̀rá lọ ni òpó mìíràn fi ń ṣubú.

Ọ̀rọ̀ omi tó ń wọlé ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1979, ìjì líle ká àwọn ọkọ̀ tó ń sá eré Fastnet mọ́ ojú òkun láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland. Ọkọ̀ 303 ló gbéra, 85 ló parí eré náà, atukọ̀ 15 nínú wọn sì kú. Àwọn èèyàn sá kúrò nínú ọkọ̀ 24. Nínú àwọn 24 yìí, 5 péré ló rì. Wọ́n rí 19 yòókù tí wọ́n ṣì léfòó. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí, ọ̀kan nínú ohun tó hàn ni pé pákó tó ń dí ẹnu ọ̀nà yàrá máa ń yọ jáde nígbà tí ọkọ̀ bá dojú dé, omi á sì ya wọlé gba ibẹ̀. Pákó lásán ni o, tí kò sí okùn tàbí kọ́kọ́rọ́ tó dì í mú.

Nítorí náà, ẹ lu ihò sára pákó ẹnu ọ̀nà yín kọ̀ọ̀kan, ẹ fi okùn so ó mọ́ inú ọkọ̀, ẹ fi ìdè sí i tó ṣeé tì láti inú àti láti ìta. Ihò tí omi ń gbà jáde níbi ìjókòó atukọ̀, ẹ da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi mẹ́wàá síbẹ̀, kí ẹ wo bó ṣe ń tètè lọ. Bó bá ń fà, ẹ mú un tóbi. Gbogbo ibi tí páìpù ti gba ara ọkọ̀ jáde sínú omi, ẹ so èèkàn igi onímú ṣóńṣó kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó lè wà nítòsí láti fi dí ihò bí páìpù bá já. Àwọn káfíńtà Ìkéré á gbẹ́ ẹ fún yín láàárín ọ̀sán kan. Igi arère ni kí wọ́n fi gbẹ́ ẹ, kí wọ́n má fi ìrókò ṣe ọ̀ṣọ́ fún yín: arère rọ̀, bí omi bá kàn án á wú, á sì há mọ́ ihò.

Bátìrì, sítóòfù, sílíńdà gáàsì, àpótí irinṣẹ́: gbogbo ohun tó wúwo nínú ọkọ̀, ẹ ronú pé òrùlé ni yóò di ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá dì í bí ẹni mọ̀ bẹ́ẹ̀. Pọ́ǹpù méjì, kí ọ̀kan nínú wọn ṣeé fi ọwọ́ fà láti ibi tí ẹni tó ń tukọ̀ jókòó sí.

Epo inú táǹkì wà lára ohun tí àwọn ènìyàn máa ń fojú fò. Dísẹ́ẹ̀lì tó ti wà nínú ọkọ̀ láti ìgbà òyìnbó yẹn ti ní ẹrẹ̀ nísàlẹ̀. Lórí ọ̀sà tó pa rọ́rọ́, ẹrẹ̀ náà sùn. Ní ojú òkun, á ru sókè, á dí fílítà, ẹ́ńjìnnì á kú ní àkókò tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Ẹ fa gbogbo epo náà jáde, ẹ fọ táǹkì, ẹ ra fílítà mẹ́ta tó kù sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí mẹkáníìkì kọ́ ẹni méjì nínú yín bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ tí a sì ń lé afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù epo.

Ìdákọ̀ró kìlógíráàmù 12 tó dára, pẹ̀lú ṣéènì mítà 30 àti okùn gígùn lẹ́yìn rẹ̀, yóò wúlò fún yín ju parasúùtì inú omi, èyí tí wọ́n ń jù sómi kó lè dín eré ọkọ̀ kù, tí ẹnìkan ní kí ẹ rà lọ. Ní ojú ọ̀nà Kútọnu, ilẹ̀ wà lápá ọ̀tún yín ní gbogbo ìgbà, ìgbì tó ń fọ́ létíkun yẹn kì í sì í sinmi. Bí ẹ́ńjìnnì àti ìgbòkun bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdákọ̀ró ni yóò pa yín mọ́ kúrò létí yanrìn.

Ní ti ara yín: okùn pẹlẹbẹ méjì láti ẹ̀yìn ọkọ̀ dé iwájú, bẹ́líìtì ìdáàbòbò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ́ ọ mọ́ okùn náà kí ẹsẹ̀ yín tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Lálẹ́, kò sí "mo kàn fẹ́ yára lọ mú nǹkan." Ẹ jẹun kí ìjì tó dé. Mo mọ̀ pé ará Èkìtì ni yín, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ iyán sílẹ̀ títí ẹ ó fi padà sílé. Bísíkíìtì, ọ̀gẹ̀dẹ̀, gàrí àti ṣúgà á gbé yín débẹ̀.

Ìgbà wo ni kí ẹ lọ? Àwọn ìjì tí mo ṣàpèjúwe yìí pọ̀ jù láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti láti oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá. Oṣù kejìlá àti oṣù kìíní ni mo fẹ́ràn fún ìrìn àkọ́kọ́ yín. Ọyẹ́ lè mú kí ojú ọ̀nà ṣókùnkùn díẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì rọ̀ débi pé ẹ́ńjìnnì lẹ máa fi rìn jù, ṣùgbọ́n ẹ ó kọ́ ọkọ̀ náà láìsí ariwo. Ibẹ̀ tó nǹkan bíi máìlì òkun 60. Odò inú òkun tó ń ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn á máa ti yín padà nígbà tí ẹ bá ń lọ, á sì ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Ẹ má gba ẹnu èbúté Èkó jáde nígbà tí omi ọ̀sà bá ń ya jáde tagbáratagbára, nítorí omi náà máa ń pàdé ìgbì tó ń bọ̀ láti gúúsù láàárín ògiri òkúta méjèèjì, ìgbì á ga, á sì máa fọ́. Ẹ dúró de ìgbà tí omi bá kún tó sì dúró. Ẹ rìn jìnnà sí etíkun kí ẹ tó yí sí ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ sì ṣọ́ àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń dúró de èbúté níbẹ̀.

Bí ìkùukùu dúdú bá wá yọ lẹ́yìn yín, ẹ má dúró wo bó ṣe máa rí. Ẹ sọ ìgbòkun ńlá kalẹ̀ pátápátá, ẹ dì í mọ́ boom, ẹ so boom náà mọ́lẹ̀ láàárín. Ẹ yí ìgbòkun gbàǹgbà ká, ẹ ta kékeré alàwọ̀ ọsàn yẹn nìkan. Ẹ dí ẹnu ọ̀nà. Atẹ́gùn yẹn á ti ìlà-oòrùn wá, yóò gbé yín lọ sí ìwọ̀-oòrùn tí ẹ ń lọ. Ẹ jẹ́ kó gbé yín, kí imú ọkọ̀ yà díẹ̀ sí gúúsù kúrò ní etíkun. Mo ní kí ẹ sọ ìgbòkun ńlá kalẹ̀ nítorí pé bí ẹ bá ń fẹ̀yìn gba afẹ́fẹ́, tí ọkọ̀ sì ṣèèṣì yà, boom á fò láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, orí ẹni tó bá sì bá lọ́nà kò ní rí bákan náà mọ́. Nígbà tí ààrá bá ń sán, kí ẹnikẹ́ni má di òpó tàbí wáyà mú. Ẹ kó fóònù àti GPS alágbèérìn sínú ìkòkò irin tó ní ìdérí.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ń bọ̀ wálé ni ìjì dé, iwájú yín gan-an ni yóò ti fẹ́. Má ṣe bá a du ọ̀nà. Ẹ ká reef kẹta, ẹ fa ìgbòkun iwájú kékeré sí òdìkejì, ẹ ti ìtọ́kọ̀ kí imú ọkọ̀ máa wá ojú afẹ́fẹ́, ẹ so ó síbẹ̀. Àwọn méjèèjì á máa bá ara wọn jà, ọkọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, á máa mì jẹ́jẹ́, ẹ ó sì lè jókòó. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń gbà á. Ẹ lọ wá ti ọkọ̀ yín lórí ọ̀sà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wà ní knot 15 sí 20, ẹ ṣe é títí tí ẹni tó kéré jù nínú yín fi lè dá a ṣe.

Kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni, ẹ padà lọ fi téèpù wọn gíga iwájú òpó náà fúnra yín, láti orí pèpéle dé ibi tí wáyà iwájú ti kàn án. Mítà 10 tí ẹ kọ yẹn gún régé jù fún ọkọ̀ àtijọ́, ó jọ ohun tí ẹnìkan fojú díwọ̀n. Bó bá yàtọ̀ pẹ̀lú ìdajì mítà, ẹ kọ̀wé sí mi, nítorí gbogbo ìṣirò ìgbòkun iwájú tí mo ṣe lókè yìí ni ìdajì mítà yẹn máa yí padà.